DOIT: TA LÓ JẸ TA LÓWÓ NÍ KÚTỌNU?

 

Oníṣòwò tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù èdè. Yorùbá pọ̀ lọ́hùn-ún. Ará Kétu wà níbẹ̀, ará Ṣábẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Wọ́n á fi Yorùbá nájà, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á fi bú ara wọn pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé, Faransé dé nìyẹn. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà ni Dahomey, ọdún 1975 ló di Benin, èdè Faransé sì ni ìjọba ibẹ̀ ń lò dòní.

Ẹ wo ìwé ọjà tí wọ́n ń pè ní “facture”. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti tẹ “Doit” sókè, wọ́n á wá kọ orúkọ oníbàárà sí iwájú rẹ̀. Kí ni “Doit”? Ó túmọ̀ sí “ó jẹ gbèsè”. Kì í ṣe èébú, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni yóò sanwó.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìyá aláṣọ lè san gbogbo owó tán, kó ká ìwé náà sápò, kó máa lọ. Ìwé yẹn ṣì ń sọ pé ó jẹ gbèsè! Kí wọ́n tó fún un, kó ní kí wọ́n kọ “Payé” sí i, ìyẹn “ó ti san”, tàbí “Acquitté”, ìyẹn “gbèsè ti tán”, kí ẹni tó gbowó sì fọwọ́ sí i. Bí ọjà bá jẹ́ 80,000 sẹ́fà, tó san 50,000, “Avance” ni 50,000 tó san, “Reste” sì ni 30,000 tó kù.

Ìyá ọ̀rọ̀ tó bí “doit” ni “devoir”. “Jẹ” ti Yorùbá kì í yí padà: mo jẹ, o jẹ, wọ́n jẹ, “jẹ” náà ni. Ti Faransé a máa pààrọ̀ aṣọ:

Je dois – mo jẹ
Tu dois – o jẹ
Il doit, elle doit – ó jẹ
Nous devons – a jẹ
Vous devez – ẹ jẹ
Ils doivent, elles doivent – wọ́n jẹ

“Il” ni ti ọkùnrin, “elle” ni ti obìnrin. “Dois” àti “doit” kò yàtọ̀ lẹ́nu, “dúwà” ni wọ́n ń pè méjèèjì. S àti t kò dún. “Vous” kò le fún ọmọ Yorùbá rárá, nítorí “ẹ” tiwa gan-an ni: a ń fi pe èèyàn púpọ̀, a sì ń fi pe àgbà kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ “tu” sí ìyá oníyàá.

Ibi tó ti ń dàrú nìyí. Yorùbá ní “mo jẹ yín”, Faransé ní “mo yín jẹ”: “je vous dois”. Mẹ́káníìkì tó lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, tó fẹ́ mọ iye tí òun máa san, á ní: “Je vous dois combien?” Bó bá ṣì í sọ, tó ní “Vous me devez combien?”, ó ti ń bi ọlọ́jà pé, “Èló lẹ jẹ mí?” Ẹ̀rín lè pa ọlọ́jà, inú sì lè bí i.

“Devoir” tún ní iṣẹ́ kejì. Bí owó bá tẹ̀lé e, gbèsè ni. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn bá tẹ̀lé e, “gbọ́dọ̀” ló di: “Je dois 30,000 francs”, mo jẹ 30,000, “je dois partir”, mo gbọ́dọ̀ máa lọ. Nítorí náà, kí ìyá tó gbọ́ “je dois” lẹ́nu oníbàárà má tíì máa yọ̀ pé ó ti jẹ́wọ́ gbèsè. Kó fetí sí ohun tó kàn.

Bí gbèsè bá ti tán, “je devais” ni kó sọ, ìyẹn “mo jẹ nígbà kan”. Kó sì fi “j'ai payé” tì í, “mo ti san”. Èyí tó lágbára jù lọ ni “Je ne vous dois plus rien”: mi ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ mọ́.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ “mi ò jẹ”. Ẹni tó ń nájà ní Kútọnu, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀.