Ẹyẹ Apẹja Méjì: Èwo Ló Ń Pẹja?

Bí ọmọ bá rí ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí àgógó ẹnu rẹ̀ gùn tó sì pupa, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ẹyẹ apẹja nìyẹn." Ẹni tó ní adágún ẹja sì lè ti mú òkò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ méjì tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ló ní irú àwọ̀ yìí. Wọ́n jọra bí ìbejì, àmọ́ kì í ṣe ẹja ni ọ̀kan nínú wọn ń wá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Corythornis cristatus. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 13. Etí omi ló ń gbé. Yóò bà sórí koríko tó tẹ̀ sómi, yóò máa wo ìsàlẹ̀, kó tó já wọ omi lójijì. Ẹja wẹ́wẹ́, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì wà nínú omi àti kòkòrò omi ni oúnjẹ rẹ̀.

Ìkejì ni Ispidina picta, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Inú igbó, ọ̀dàn àti oko la ti ń rí i, kódà níbi tí omi jìnnà sí. Tata, ìrẹ̀ àti aláǹtakùn ló ń jẹ jù.

Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ wo òkè ojú wọn. Adé búlúù orí apẹja etí omi sọ̀ kalẹ̀ kan ojú rẹ̀. Ti èyí tó ń jẹ tata kò kan án: ìlà aláwọ̀ ọsàn wà láàárín adé àti ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ má fi àgógó ẹnu nìkan dá wọn mọ̀ o, nítorí dúdú ni ti àwọn ọmọ ẹyẹ méjèèjì.

Ẹni tó bá sọ òkò lu Ispidina nítorí ẹja ti pa ẹni tó ń bá a jẹ tata inú ẹ̀fọ́ rẹ̀. Èyí tó ń pẹja gan-an kò lè gbé ẹja ńlá mì. Bí a bá ta àwọ̀n bo ibi tí ọmọ ẹja wà, ó ti tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti kọ́kọ́ wo òkè ojú ẹyẹ. Kí wọ́n sì ju òkò ọwọ́ wọn nù.