"Abẹ" ń lé wọn, "to" ń pè wọ́n

Tí dókítà bá sọ fún òbí kan ní Ọjà'ba tàbí Màpó pé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nílò iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ méjì ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni òbí ń gbọ́: abẹ. Abẹ ni oníkọlà ń lò, òun ni onígbàjámọ̀ fi ń fárí. Ohun tó ń gé nǹkan ni. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun ládùúgbò, "a ó tò ó, yóò sì jọ" ni wọn yóò gbọ́. Ta ni kò mọ ibi tí òbí yóò gbà lọ?

Ẹ jẹ́ ká mú eegun gìgísẹ̀. Ọmọ já bọ́ láti orí igi mángòrò tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fẹsẹ̀ balẹ̀, gìgísẹ̀ fọ́. Kò wọ́pọ̀ lára ọmọdé, POP nìkan sì ń tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí eegun bá yẹ̀ lójú oríkèé, ó lè sọ ọmọ di ẹni tó ń tiro. Wọ́n lè la ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbọọrọ láti tún un ṣe. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, egbò rẹ̀ sì lè má tètè jiná. Ọ̀nà mìíràn ni ihò kékeré díẹ̀: wọ́n á máa fi ẹ̀rọ ẹ́síréè wò ó, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti eegun padà sáyè rẹ̀, wọ́n á sì fi wáyà dè é títí yóò fi jọ. Kí lèyí bí kò ṣe títo eegun?

Èrò mi ni pé kí ilé ìwòsàn gba "to" lò: *títo eegun lójú ihò*. Láti 1957 ni UCH ti ṣílẹ̀kùn n'Íbàdàn, síbẹ̀ àwọn òbí kan ṣì ń gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi igi di ẹsẹ̀ le jù. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ẹsẹ̀, ẹran ara á kú, wọ́n á wá gbé e dé ọsibítù fún gígé. Ọsibítù ni wọn yóò sì dá lẹ́bi.

Ẹnìkan lè ní owó ni ìṣòro, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ti lé lọ kò ní dúró béèrè iye tí yóò san. Orúkọ tuntun kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀tàn: kí dókítà ṣàlàyé oògùn oorun àti ewu egbò pẹ̀lú.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa. Ó yẹ kí ẹ̀ka wa ṣe irú rẹ̀ fún wọ́ọ̀dù eegun. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.