Ìmúra fún Ìjẹ́wọ́ àti Ọ̀ràn Ààlà Oko

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń ṣú, tí àgbẹ̀ ń ṣán oko, tí ó sì ń dáná sun ún, ìgbà náà gan-an ni Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́ máa ń bọ́ sí. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọdún Àjíǹde pé, àwọn ọmọ Ìjọ a tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ sí ibi ìjẹ́wọ́. Aṣọ wọn mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi púpọ̀ nínú wọn léèrè bí wọ́n ti pẹ́ tó nídìí àtiyẹ ọkàn wọn wò kí wọ́n tó jáde nílé, ìdáhùn yóò nira. Òmíràn ti lo àkókò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fi wá bàtà rẹ̀.

Ní ọdún 1215 ni Àpéjọ Ńlá Kẹrin ti Láterani, ní Róòmù, pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọjọ́ orí òye gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn kan ti sọ àṣẹ yìí di ìṣákọ́lẹ̀. Bí àgbàtọ́jú oko ti ń gbé iṣu àti epo lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, tí yóò sì padà lọ máa ro oko rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ, tí wọ́n sì ń padà sídìí rẹ̀. Kì í ṣe èyí ni Ìjọ ń kọ́ni. Àpéjọ Trẹ́ńtì, ní ọdún 1551, kọ́ni pé ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ olùjẹ́wọ́: kí ó káàánú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ó sọ ọ́ jáde, kí ó sì ṣe ètùtù rẹ̀.

Ìkáàánú ni ó ṣíwájú. Ẹ kíyèsí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsílì padà dé sí Èkó. Kí Fadá Borghero tó bẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1863, àti kí àlùfáà kan tó wá jókòó tì wọ́n ní ọdún 1868, Antonio, ẹni tí wọ́n ń pè ní Pàdírẹ́ Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Òun kì í ṣe àlùfáà; kò lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ Ìjọ sì ni pé ẹni tí ó bá káàánú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, tí ó sì pinnu láti jẹ́wọ́ ní kété tí ààyè bá yọ, yóò rí ìdáríjì. Ẹni tí ikú bá bá ní Èkó nígbà náà kò ní ọ̀nà mìíràn ju ìyẹn lọ. Lónìí tí Fadá wà nítòsí, ìkáàánú yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ sílé.

Ẹni tí yóò jẹ́wọ́ lọ́la, kí ó mú Òfin Mẹ́wàá ní alẹ́ òní, kí ó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ wúwo, orúkọ rẹ̀ ni kí ó fi pè é, àti iye ìgbà tí ó dá a. Ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ nìkan sì ni. Ọkọ tí ó lọ fi ìdajì wákàtí ròyìn ẹnu mímú ìyàwó rẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà tí Póòpù Piu Kẹwàá ti fi àṣẹ lélẹ̀ ní ọdún 1910 pé kí àwọn ọmọ bí ọmọ ọdún méje máa wá, àwọn ọmọdé ni ó mọ ìjẹ́wọ́ ṣe jù. Ọmọdé a wí pé òun jí ẹran nínú ìkòkò ìyá òun lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà a wí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo ènìyàn.

Nísinsìnyí, ọ̀ràn ààlà. Ọkùnrin kan hú pèrègún tí baba rẹ̀ àti baba aládùúgbò rẹ̀ jọ gbìn, ó sì tún un gbìn sí ebè mẹ́ta síwájú. Lọ́dọọdún ni ó ń jẹ́wọ́ pé òun ṣe ojúkòkòrò. Àlùfáà dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó gbọ́, ó fún un ní àdúrà tí yóò gbà. Ó gbà á tán, ó padà sí oko, ó sì wa iṣu láti inú ebè mẹ́ta náà. Irú rẹ̀ ni obìnrin tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà kún un, àti ẹni tí ó fi kòkó tútù sí abẹ́ àpò tí ó fi gbígbẹ bo ojú rẹ̀. Wọ́n ní àlùfáà ti fún àwọn ní ètùtù, ọ̀ràn ti parí. Kò parí rárá. Àdúrà kò tíì dá ebè kan padà fún ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Sákéù kò dúró kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un kí ó tó wí pé òun yóò san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí kò bá lè dá ohun náà padà kí ó tó lọ jẹ́wọ́, kí ó ti pinnu rẹ̀ láìṣẹ̀tàn. Bí kò bá sí ìpinnu yẹn, a jẹ́ pé kò tíì káàánú.

Ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yóò tú síta ni ó ń dí àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 kà á léèwọ̀ pátápátá fún àlùfáà láti tú àṣírí ìjẹ́wọ́, ìbáà ṣe nítorí ọba tàbí nítorí ilé ẹjọ́. Èyí tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tú u, lójú ẹsẹ̀ ni a yọ ọ́ kúrò nínú Ìjọ, Róòmù nìkan ni ó sì lè tú ìdè náà.

Bí ẹni tí a rẹ́ jẹ bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí a san án fún. Bí kò bá sí ọmọ, kí a fún àwọn tálákà. Ẹni tí kò lágbára lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ìtìjú bá sì pọ̀ jù, kí olúwarẹ̀ fi owó náà lé Fadá lọ́wọ́, kí ó bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni í láìdárúkọ ẹni tí ó rán an.