Epo Rọ̀bì Létí Òkun Tiwa

Ẹ̀yin òbí wa ní Atlanta, ẹ ó rántí oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà orí kọ̀ǹpútà mú kí wọ́n ti ọ̀pá epo Colonial tí ń gbé bẹntiróòlù wá láti Houston, tí a sì tò sílé epo bí ẹni wà l'Ékòó. Ní ilé kan tí iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé gbé mi dé, ọmọ bi ìyá rẹ̀ bóyá àwa Yorùbá ní epo. Ìyá ní rárá, ti àwọn Ìjọ ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1908 ni ilé-iṣẹ́ kan ti ń gbẹ́ kànga ní agbègbè Aráròmí, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fi ṣáájú epo Olóìbírí ti 1956. Ní 2016 ẹ̀wẹ̀, epo jáde ní Ajé, lójú òkun Badagry. Ayọ̀ pọ̀ l'Ékòó.

Èmi kò tíì bá wọn jó. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun pèpéle Parabe ti Chevron lójú òkun, wọ́n ń bèèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe omi wọn tó bàjẹ́. Hẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà ló gbé sọ́jà débẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa ènìyàn méjì. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà tí a ń gbé yìí, ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní Kejìlá 2008, ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Mélòó nínú wa ló gbọ́?

Mo sọ ọ́ fún ìyá ọmọ náà. Ó dákẹ́ pẹ́. Ọmọ Òkìtìpupa ni.