Adágún Orí Òkè Adó

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ni pé ṣé òótọ́ ni adágún kan wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tí ń gbé ènìyàn mì.

Adágún náà wà. Iyake ni wọ́n ń pè é. Àtẹ̀gùn tí a ó gùn dé ibẹ̀ ju 300 lọ. Akọ òkúta ni òkè náà. Òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́ lára láti ayébáyé títí ó fi jin kòtò, òkúta kì í sì í mu omi bí ilẹ̀, ni omi òjò bá dúró síbẹ̀ bí ọbẹ̀ inú àwo. Wọ́n ní irú rẹ̀ méjì péré ni ó wà láyé. Èmi kì í kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí adágún orí òkè pọ̀.

Àwọn ará Adó ní orí òkè yìí ni baba wọn sá sí ní ayé ogun. Ẹ̀yin ará Àpòmù, tí ọ̀ràn ọjà yín dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí 1820, ẹ mọ ohun tí omi jẹ́ fún ẹni tí ọ̀tá ká mọ́.

Ní ti pípa ènìyàn, Nyos ní Kamẹrúùnù ni kí ẹ bi. Ní alẹ́ 21 Oṣù Kẹjọ, 1986, ènìyàn tí ó ju 1,700 lọ kú ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n rì sómi. Ẹnu òkè oníná àtijọ́ ni adágún yẹn wà. Afẹ́fẹ́ kan ń ti inú ilẹ̀ wá, ó ń pamọ́ sí ìsàlẹ̀ omi; òun náà ni ó ń hó yàà nígbà tí ẹ bá mi ìgò mínírà tí ẹ sì ṣí i. Ó wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ó gba àfonífojì bí àgbàrá, ó sì ká wọn mọ́ orí ẹní. Ní 2001 ni wọ́n ri páìpù bọ inú omi náà kí ó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Kò sí òkè oníná nílẹ̀ Yorùbá, Iyake kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ewu tirẹ̀ ni òkúta tí ń yọ̀ létí omi, àti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Olùkọ́ tí yóò kó ọmọ lọ, kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó gbàyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú, kí ó sì ra dòdò Ìkirè dání. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ kì í ṣe ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.