Ẹ Má Rẹ́rìn-ín, Ẹ Má Pàtẹ́wọ́: Ìṣirò Ni Kẹ́ Ẹ Béèrè

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Máídúgùrì, àti ibikíbi tí oúnjẹ òòjọ́ bá gbé wa dé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa gùn díẹ̀, ó sì lè má dùn létí gbogbo wa. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, inverter tí ọmọ ọ̀kan nínú wa fọwọ́ ara rẹ̀ tò fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ rú èéfín lójú gbogbo wa. Kò jó ẹnikẹ́ni, àga kan ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí èéfín tó rá, fóònù ti jáde. Kó tó di alẹ́, fídíò ti dé Kàdúná, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé: "Elon Musk ti Sábọ̀n Gàrí! Rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa náà ti gbiná." A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò jáde mọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún ìyàwó mi pé ó ti kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ẹ gbọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí SpaceX, ilé iṣẹ́ Elon Musk, ń dán wò, tún bàjẹ́. Ó gbéra ní gúúsù Texas ní Amẹ́ríkà, ó dé òfuurufú lóòótọ́, àmọ́ nǹkan kan ń jò nínú rẹ̀, kò lè darí ara rẹ̀ mọ́, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè Òkun Íńdíà nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Ìkẹta nìyẹn lọ́dún náà. Ti ọjọ́ 16 oṣù Kìíní àti ti ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n gbéra tí SpaceX fi pàdánù ìkànsí pẹ̀lú wọn, wọ́n sì fọ́, tí àfọ́kù wọn ń já bọ́ bí iná lójú ọ̀run àwọn erékùṣù Caribbean.

Nǹkan náà kì í ṣe kékeré o. Ó ga ju mítà 120 lọ, ìyẹn ni pé ó ga ju Cocoa House n'Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnì 33 ló wà nídìí rẹ̀ tó ń tì í gbéra. Èmi tí mò ń ta pátì jẹnẹrétọ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo máa ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí.

Àtìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Ìpín méjì ni àwọn èèyàn pín sí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín: "Ọlọ́run ti dójú tì í! Ilé ìṣọ́ Bábélì! Kó lọ fi owó yẹn bọ́ àwọn tébi ń pa!" Àwọn kejì, àwọn ọ̀dọ́ wa ló pọ̀ jù níbẹ̀, ń pàtẹ́wọ́: "Kò bàjẹ́ o, ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀yin àgbà ò kàn mọ sáyẹ́ǹsì ni." Mo wá sọ pé ìpín méjèèjì ló ṣìnà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kojú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni Ọlọ́run ń já gbogbo ohun tó bá fò lulẹ̀, kí ló dé tá a fi ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù? Rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ yìí ṣe, Falcon 1, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùnà léraléra láàárín 2006 sí 2008. Ìkẹrin ló tó dé òkè, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2008. Àbúrò rẹ̀, Falcon 9, ló ń gbé àwọn sátẹ́láìtì Starlink lọ sókè. Starlink sì ti wọ Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2023. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní àdúgbò wa tó ń lò ó. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn ránṣẹ́ sí mi, Starlink ni wọ́n fi fi í ránṣẹ́. Ẹ ò rí i bí? Wọ́n jókòó sórí ẹ̀ka igi, wọ́n ń bú ẹni tó gbin igi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní ìdí mìíràn. Wọ́n ní ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó bá ìjọba Trump ti ilẹ̀kùn USAID, tí oògùn àti oúnjẹ ìrànwọ́ fi dínkù fún aláìní, títí kan apá Àríwá tá a wà yìí. Òótọ́ ni, ó sì ń dun èmi náà. Àmọ́ orí ìyẹn ni kẹ́ ẹ ti bá a jà. Páìpù tó jò nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ò dá oògùn padà fún aláìsàn kankan ní Máídúgùrì.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin ló kàn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, orin tẹ́ ẹ̀ ń kọ nìyẹn. Bó fò, ẹ ní ó ṣàṣeyọrí. Bó fọ́, ẹ ní ó kẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò tí èèyàn ò bá lè fẹ́èlì, ṣé ìdánwò nìyẹn? Mo gbà pé ẹni tó bá ń rìn ni ẹsẹ̀ ń kọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tún sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lásìkò Falcon 1, ọmọdé ni SpaceX. Lónìí, àgbà ni wọ́n. Ní 2021, NASA gbé iṣẹ́ tó tó bílíọ̀nù 2.89 dọ́là fún wọn, kí wọ́n fi irú Starship yìí gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá. Owó ará ìlú wà níbẹ̀. Àgbà tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún, ó yẹ kó wẹ̀yìn dáadáa.

Ẹ tún wo ẹni tí àfọ́kù já lé lórí. Ti oṣù Kìíní yẹn, erékùṣù Turks and Caicos ló já sí, wọ́n ń ṣa àfọ́kù létí òkun. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lọ ní láti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ti oṣù Kẹta, wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Miami àti Orlando. Ìwọ tó ò ń wo fídíò lórí bẹ́ẹ̀dì ní Kánò, o ní ó rẹwà. Àwọn wọ̀nyẹn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì eré náà o! Wọn ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wò ó.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Kò ju ohun tí oníṣòwò gidi máa ń ṣe lọ tí ọjà bá bàjẹ́: ìṣirò. Kí ló bàjẹ́? Ta ló mọ̀? Kí lẹ ti yí padà? Ta ló ru àdánù náà? Lẹ́yìn ti oṣù Kìíní, SpaceX jáde wí pé ọkọ̀ náà gbọ̀n lókè ju bó ṣe gbọ̀n nígbà tí wọ́n dán an wò nílẹ̀, pé epo jò, iná sì ràn níbi tí kò yẹ kí iná wà. Lẹ́yìn ti oṣù Kẹta, wọ́n ní ẹ́ńjìnì kan ló bàjẹ́, pé kì í ṣe àìsàn ti àkọ́kọ́ náà. Ó dáa, wọ́n sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ pátì máa tún béèrè pé: bí àìsàn bá yàtọ̀, tí ibi tí wọ́n kú sí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà, ṣé ẹ ò sáré jù? FAA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, jókòó ti ìṣirò yẹn. Kí ti oṣù Karùn-ún tó gbéra, wọ́n fẹ agbègbè tí ọkọ̀ òfuurufú ò gbọdọ̀ gbà kọjá, láti nǹkan bíi máìlì orí òkun 885 sí 1,600. Ẹ̀rín kọ́ ló fẹ̀ ẹ́. Àtẹ́wọ́ kọ́ ló fẹ̀ ẹ́. Àwọn tó béèrè ni.

Àwa náà ní tiwa ní Nàìjíríà. NigComSat-1 tí Ṣáínà bá wa gbé lọ sókè ní 2007, kò lò tó ọdún méjì tó fi kú, ní 2008. Iná sólà rẹ̀ ló dà á láàmú. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Mo rántí bí ẹ̀rín ṣe pọ̀ tó lọ́jà nígbà yẹn. Ẹ bi ara yín léèrè: mélòó nínú wa ló mọ ohun tó pa á? Ẹ̀rín la rántí, a ò rántí ẹ̀kọ́.

Kí ló dé tí èmi oní pátì fi gbé ọ̀rọ̀ yìí karí báyìí? Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ohun kan tí mi ò sọ rí.

Ní 2013, mo kó ọjà ríǹgì písítìnì jẹnẹrétọ̀ wá láti ọwọ́ ẹnì kan ní ìlú mìíràn. Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ́ńjìnì àwọn oníbàárà mi ti ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Mo dá owó wọn padà, mo sì pàdánù ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 náírà. Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni? Rárá o. Mo rántí ohun tí a ṣe fún bàbá kan nínú wa tí ọjà rẹ̀ jóná lọ́dún tó ṣáájú, bí a ṣe fi í ṣe orin lẹ́nu. Mo fẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun. Mo ń kí èèyàn, mò ń rẹ́rìn-ín, mo tún wọ aṣọ ẹbí tuntun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí tèmi lọ ra ọjà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn kan náà. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn obìnrin ló wọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn jókòó sílé odidi ọdún kan kó tó wọ yunifásítì. Mo lọ kí wọn, mo ní "Ọlọ́run á pèsè." Ẹnu mi ló yẹ kó ti pèsè! Ẹni tó bá jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ èmi da ewé bo kòtò náà mọ́lẹ̀ torí kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Mo ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún yín nílé.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ̀rín wa kì í ṣe ohun kékeré. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ẹni tó ṣubú ṣẹ̀sín, kò sẹ́ni tó máa sọ ibi tí kòtò wà. A wà nílẹ̀ onílẹ̀ o, a ò ní ìjọba tó ń wojú wa. Tí a ò bá máa sọ àdánù wa fún ara wa, ta ló máa kìlọ̀ fún wa?

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ ni," mi ò bá yín lọ o. Owó ẹgbẹ́ ló wọ inverter yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 420 náírà. Ká ní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó tì í ńkọ́? Ìfẹ́ kọ́ ni ká má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Béèyàn ò bá bi ọ́ léèrè, kò kà ọ́ kún àgbà ni.

Torí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹni tó bá ní fídíò yẹn lórí fóònù rẹ̀, kó pa á rẹ́ lónìí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, ká gbé àga fún ọmọ náà níwájú. Kó gbé inverter náà wá, kó tú u, kó fi ibi tó jóná hàn wá, kó sọ ohun tó ṣì ṣe, kó sì sọ iye tó máa ná wa láti tún un ṣe. Wáyà tó kéré jù ni àbí bátìrì? Àbí àwa la gbé fíríìjì méjì lé nǹkan tí kò lè gbé e? Ká gbọ́ ọ tán, ká tó pinnu bóyá ká tún fún un lówó tàbí ká má fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà á dìde, màá sọ ti ríǹgì písítìnì mi, pẹ̀lú àmì tí mo fi mọ ayédèrú. Ẹni tó bá tún ní tirẹ̀, kó dìde.

Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ fún wa.