ỌJỌ́ KẸTÀLÁ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ gbọ́ o!

Bí àìsàn oṣù mẹ́fà bá dá òṣìṣẹ́ dúbúlẹ̀, ta ni yóò bọ́ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀? Ìjọba ní òfin wà. Lóòótọ́ ni, òfin wà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Èkíní: Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun Gowon ṣe ní 1974 ní bí dọ́kítà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara òṣìṣẹ́ ò yá, kí wọ́n san owó iṣẹ́ ọjọ́ 12 fún un láàárín ọdún kan. Ọjọ́ 12 péré! Oògùn ikọ́ ife nìkan, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó. Ọjọ́ kẹtàlá ńkọ́?

Èkejì: bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ aláìsàn, Òfin Pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní kó wà láìríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, kó tó lè gbà lára owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Owó ta ni? Owó òun fúnra rẹ̀ ni! Èèbù iṣu ni wọ́n ní kó máa sè jẹ.

Ẹ̀kẹta: owó gbà-máà-bínú. Òfin 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún NSITF, láìyọ kọ́bọ̀ lápò òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn ràn, kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Kí ọ̀gá náà fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ̀yin ọmọ wa ní fákitírì Odògúnyán, ẹ fetí sílẹ̀! Bí máníjà bá na owó díẹ̀ sí yín, tó ní kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ ò ní béèrè mọ́, ẹ má gbà. Òfin yẹn kan náà sọ pé òfo ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ńkọ́? Rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ló fà á, NSITF ò ní san nǹkan kan. Apẹja Ẹ̀pẹ́, ìyá ẹlẹ́ja ní Ọjà Olúwo, ọlọ́kadà Ìjẹ̀dẹ́, àwọn ò tiẹ̀ ní ọjọ́ 12 ọ̀hún. Káàdì Ìlera Èkó tí òfin 2015 gbé kalẹ̀ ń bá èèyàn sanwó ilé ìwòsàn. Ó dáa, a ò bú u. Ṣùgbọ́n káàdì ò ra gàrí.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún aláìsàn láti yàn nìyí: kó sinmi kí ebi pa ọmọ, tàbí kó padà sídìí ẹ̀rọ kí àìsàn pa òun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti 1952 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti fi ọ̀sẹ̀ 26 lélẹ̀ fún owó àìsàn. Abuja ni wọ́n ti ń ṣòfin iṣẹ́. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti jókòó tì í. Aṣojú Ìkòròdú wà níbẹ̀, aṣojú Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ 12 ò kúrò lójú kan.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè rèé: owó àìsàn ọ̀sẹ̀ 26 fún òṣìṣẹ́, àti àpò owó tí apẹja àti ọlọ́jà náà yóò lè wọ̀.

Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì àti ankara dé, ẹ bi wọ́n léèrè: ọjọ́ kẹtàlá ńkọ́? Ẹni tí ò bá lésì, ẹ má dìbò fún un!